Ta Ni Ó Gbẹ́ Kòtò Náà? Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ìwé Wa àti Ìgbà tí Owó Kòkó Wó Lulẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Òwe rere ni, a kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kì í bá ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó jìn, tí ó jẹ́ odindi ìlú, àti àgbẹ̀ àti oníṣòwò, àti ọ̀mùtí àti ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí, nígbà náà ọgbọ́n mìíràn ṣì kù láti kọ́. Ó di dandan kí a béèrè pé: ta ni ó gbẹ́ kòtò náà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé síwájú díẹ̀ nínú àwọn ìwé tí a kọ ní èdè wa láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, èyíinì ni láti 1918 títí dé 1939, nígbà tí owó kòkó gòkè tí ó sì wó lu àwọn baba wa lórí. A ó yẹ̀ wọ́n wò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí àwọn tí ó kọ wọ́n ni ó la ọ̀nà tí a ń tọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí a má sọ ohun tí ojú wa rí.

Ẹni tí ó bá ti Challenge gba Ring Road bọ̀, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, kò le ṣàì gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí a parí ní 1965. Owó tí a rí lórí kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni a fi kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀ rárá ni kòkó ti sọ àdúgbò yìí di ohun tí ó dà. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ìhà Dùgbẹ̀ ni a sì fi ibùdó rẹ̀ sí. Àwọn kọ́ńpìnì òyìnbó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ ilé ẹrù àti ṣọ́ọ̀bù sí Gbági. Báǹkì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará Lẹ́bánónì, tí àwọn baba wa ń pè ní Kóráà, sì gba ojú pópó kan tí a fi orúkọ ilẹ̀ wọn pè. Ìbàdàn àtijọ́ kọjú sí Ọjàaba àti òkè Màpó. Ìbàdàn tuntun kọjú sí ojú irin. Lórí irin yìí ni kòkó ń gbà lọ sí Èkó àti sí òkun. Lórí irin kan náà ni aṣọ, páànù, iyọ̀ àti giramafóònù ń gbà wọlé wá.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn kí a tó ṣí ìwé kankan. A ń ta kòkó ní Gbági, ṣùgbọ́n a kì í dá iye owó rẹ̀ ní Gbági. Láti òkè òkun ni iye owó náà ti ń wá, ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n wọn kòkó fún àgbẹ̀ sì ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ náà ti ń gbọ́ ọ ni. Amẹ́ríkà ni ó ń ra kòkó jù lọ ní ayé nígbà náà. Ní 1925 ni wọ́n dá ọjà kòkó kan sílẹ̀ ní New York, níbi tí àwọn ènìyàn tí kò fi ojú rí igi kòkó rí ti ń ra èyí tí kò tíì so, tí wọ́n sì ń tún un tà kí ó tó pọ́n. Bí ara ọjà yìí bá le, páànù tuntun a bo ilé ní abúlé oko Ìbàdàn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé ẹjọ́ a kún fún ọ̀ràn gbèsè.

Ọ̀ràn Amẹ́ríkà ní àkókò náà kì í ṣe kékeré. Ní 1920 ni àwọn obìnrin ilẹ̀ náà gba ẹ̀tọ́ láti dìbò káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọdún kan náà ni òfin dí ọ̀nà ọtí, kò sì ṣí i títí di 1933. Àwọn ènìyàn dúdú ń fi oko òwú ìhà gúúsù sílẹ̀ lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ sí Chicago àti sí Harlem ní New York, wọ́n sì gbé orin àti ewì tuntun dìde níbẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti rédíò wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn ènìyàn ń yá owó láti fi ra ìpín nínú kọ́ńpìnì, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó ń gòkè kò ní í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ni ọjà ìpín náà wó. Láàárín 1930 àti 1933, nǹkan bí 9,000 báǹkì ni ó kógbá sílé. Nígbà tí ó sì fi di 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1929 kan náà ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún náà ni àwọn kọ́ńpìnì ńláńlá méjì da ara wọn pọ̀ di United Africa Company, tí a mọ̀ sí UAC, tí agbára rẹ̀ lórí ríra kòkó sì ju ti gbogbo àwọn ìyókù lọ. Ní oṣù Keje ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá. Ní oṣù Kẹwàá, nínú oṣù tí ọjà New York wó, ni a ṣí gbọ̀ngán Màpó ní Ìbàdàn tìlù tìfọn. Àwọn tí ó jókòó nínú gbọ̀ngán náà kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, iye tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó kò tó ìdajì ohun tí ó gbà ní 1927, bẹ́ẹ̀ ni owó orí kò yẹ̀, gbèsè kò sì dínkù.

Nígbà náà ni àwọn orúkọ kan rinlẹ̀ ní ẹnu àwọn ènìyàn wa. Sógúndogójì ni wọ́n ń pe olówó èlé, ẹni tí ó yá ni ní ogún tí ó sì gba ogójì. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn, nítorí wọ́n ti lérí pé òṣòó ni àwọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó àwọn yóò fi pé. Àgbẹ̀ tí kò rí owó san fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Ẹni tí oko rẹ̀ kò tó, ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà.

A kò gbọ́ èyí láti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ kan, a bá ìyá arúgbó kan tí ó ń ta obì ní Dùgbẹ̀, ní ibi tí òjìji Ilé Kòkó ń dé ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni a wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ àwọn òbí yín sọ fún yín nípa ìgbà tí kòkó kò pa owó wọlé mọ́?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n sọ ọ́. Ìyá mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ fi oko dógò, èlé sì gun orí owó. Nígbà tí kò rí i san, ó fi ìyá mi ṣe ìwọ̀fà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi pọnmi ní ilé olówó. Bí ó bá ti ń sọ ọ́ tí ó dé ibẹ̀, ṣe ni ó máa ń dákẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ta ni wọ́n ní ó mú owó kòkó wálẹ̀?"

Ó gbójú sókè wo ilé gíga náà, ó sì dáhùn pé: "Ayé ni, ọmọ mi. Ayé ló yí padà."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Ayé! Ta ni ayé? Níbo ni ilé rẹ̀ wà? Nígbà tí a padà sídìí àwọn ìwé wa láti wá ìdáhùn tí ó ju èyí lọ, ohun tí a rí ni a fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ṣẹ̀gilọlá. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin náà. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930 ni àwọn lẹ́tà náà ń jáde, a sì kó wọn jọ di ìwé ní 1930. Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní 2012, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìwé ìtàn àròkọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Obìnrin kan tí ó ti gbó, tí àìsàn dá wó, tí ìṣẹ́ sì ta, ni ó ń ròyìn ayé rẹ̀: bí ó ti lẹ́wà tó ní èwe, bí ó ti dalẹ̀ ọkọ, bí ó ti kó ọkùnrin jọ bí ẹní ń kó ìlẹ̀kẹ̀, àti bí gbogbo wọn ti fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹwà lọ.

A kò gbọ́dọ̀ ṣe ahun ìyìn fún iṣẹ́ yìí. Kí ó tó dé, ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìwé tí a tẹ̀ ní èdè wa ni ìwé ẹ̀kọ́, ìwé ìsìn àti ìtàn ìlú. Thomas ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ènìyàn kan ṣoṣo, tí ó ń mí, tí ó ń sunkún, tí ó sì tún ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rántí orin ìgbà èwe rẹ̀. Ó dárúkọ àdúgbò Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé fi le tọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà pé òótọ́ ni obìnrin náà wà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i, a sì rí ẹni tí ó fi owó ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́. Òǹkọ̀wé mélòó ni ó le mú kí òǹkàwé tọwọ́ bọ àpò nítorí ẹni tí a fi tádàwá dá?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè wa. Ta ni ó gbẹ́ kòtò tí Ṣẹ̀gilọlá jìn sí? Ìwé náà dáhùn láìṣiyèméjì: òun fúnra rẹ̀ ni. Ìṣekúṣe rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òtòṣì, kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ kí wọ́n sì ṣọ́ra. Ní ti obìnrin kan, ìdáhùn náà le tọ́. Òtítọ́ sì ni pé èwe Ṣẹ̀gilọlá nínú ìtàn náà ti ṣáájú 1929 tipẹ́, nítorí náà a kò le béèrè pé kí ó sọ ọ̀rọ̀ New York fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú ìtàn náà, ìwé náà kò sì fi ibi tí owó wọn ti wá tàbí ibi tí ó gbà lọ ṣe ọ̀ràn. Owó wà bí òjò: ó rọ̀, ó sì dá. Òǹkàwé tí ó jókòó ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1930, tí ọjà rẹ̀ kò tà mọ́, yóò pa ìwé náà dé pẹ̀lú èrò pé bí ìyà bá ń jẹ òun, ìwà òun ni òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ní ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rere náà ti di ẹrù lórí ẹni tí kò ṣẹ̀.

Láti Èkó, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn. Ní ìlú yìí ni Dẹ́nrelé Adétìmíkàn Ọbasá ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yoruba News láti 1924. Òun kan náà ni ó kó ìwé àwọn akéwì jọ ní apá mẹ́ta: apá kìíní jáde ní 1927, ìkejì ní 1934, ìkẹta ní 1945. Iṣẹ́ Ọbasá ni láti ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà kí ó má baà ṣègbé, kí ó tò ó sábẹ́ orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un. Bí kì í bá ṣe òun, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ì bá ti bá àwọn tí ó ni wọ́n wọ ilẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọdún tí ìwé méjì àkọ́kọ́ jáde. Ní 1927, kòkó gbówó lórí. Ní 1934, ó ti wó. Ẹni tí ó bá gbé ìwé méjèèjì lé ọwọ́ le máa retí pé èkejì yóò ní ojú àpá tí èkíní kò ní. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tí Ọbasá yàn kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ojú àpá. Òwe kì í ní ọjọ́ orí. Òwe tí a pa nípa onígbèsè ní ayé Ògúnmọ́lá yóò bá onígbèsè 1934 mu rẹ́gí, yóò sì bá ti òní náà mu. Agbára òwe nìyẹn, àìlera rẹ̀ sì nìyẹn pẹ̀lú. Ó ń sọ fún ọkùnrin tí ó jẹ gbèsè pé gbèsè kò dára, ohun tí ọkùnrin náà ti mọ̀ kí ó tó jí. Kò le sọ fún un ìdí tí gbogbo abúlé fi wọ gbèsè ní ọdún kan náà. Ọbasá tọ́jú ẹnu àwọn àgbà fún wa. Ẹnu àwọn àgbà kò sì tíì gbọ́ nípa New York.

Ṣé kò wá sí ẹni tí ó kọ ọ̀ràn náà sílẹ̀ bí ó ti rí? Ó wà, ọmọ Ìbàdàn ni pẹ̀lú. Akínpẹ̀lú Obìṣẹ̀san kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgbà tí owó kòkó gòkè tí ó sì já ní 1920 títí kan àwọn ọdún tí a ń sọ yìí àti kọjá wọn. Ó kọ nípa gbèsè, nípa ẹjọ́, nípa ìtìjú ẹni tí ó kàwé ṣùgbọ́n tí kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí wọ́n le pa kòkó wọn pọ̀ tà, òun ni ó di olórí wọn. Ó rí ọ̀ràn náà ní tòótọ́, ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé ìrántí náà, fún ojú ara rẹ̀ nìkan. Lónìí ó wà ní ibi ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì títì sí Àgbówó, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kà á. Ìyá tí ń ta obì ní Dùgbẹ̀ kò le kà á. Báyìí ni ọ̀ràn náà ṣe pín sí méjì: èyí tí a kọ ní Yorùbá fún gbogbo ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ ìwà, èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ owó wà ní ìkọ̀kọ̀ ní èdè mìíràn.

Nísinsìnyí, a bẹ òǹkàwé kí ó bá wa sọdá òkun fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe láti fi àwọn ará ibẹ̀ ṣe ọ̀gá fún wa, bí kò ṣe láti rí bí ẹlòmíràn ti ṣe ọ̀ràn kan náà. Ní 1939, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọjà wọn wó, John Steinbeck tẹ ìwé The Grapes of Wrath jáde. Ìdílé àgbẹ̀ kan, àwọn Joad ti Oklahoma, ni ìtàn náà dá lé lórí. Ọ̀dá dá, erùpẹ̀ bo irúgbìn, báǹkì gba ilẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù sínú ọkọ̀ jákujàku kan lọ sí California, níbi tí wọ́n ti gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Ibi kan wà nínú ìwé náà tí a kò le gbàgbé. Ẹni tí ó wa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ wá láti wó ilé àgbẹ̀ kan ń bá àgbẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ gbé ìbọn, ó sì fẹ́ mọ ẹni tí òun yóò yìn ín fún. Awakọ̀ ní òun kọ́, ẹnì kan ni ó rán òun. Ẹni náà ńkọ́? Báǹkì ni ó rán an. Báǹkì náà ńkọ́? Àṣẹ ti ìlà-oòrùn wá sí i. Nígbẹ̀yìn, ìbọn wà lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí a ó yìn ín sí.

A kò sọ pé Steinbeck rí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò. Kò rí i. Ṣùgbọ́n ó béèrè, ó sì tọ ìbéèrè náà láti ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀ lọ títí dé ibi tí ó pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ inú ìwé rẹ̀ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwà òun nìkan ni ó ba ayé òun jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìwàásù ni ó ba ìwé tiwa jẹ́. Steinbeck náà ń wàásù. Orí mélòó kan nínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe ìtàn rárá. Kò sí àléébù nínú ìwàásù. Ẹni tí a ń wàásù fún ni ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tiwa ń bá ẹni tí ó ṣubú wí. Tirẹ̀ ń bá ẹni tí ó fa ilẹ̀ yọ wí.

Ẹnì kan yóò sọ pé kò tọ́ kí a fi ìwé 1939 díwọ̀n ìwé 1930, nítorí ẹni tí ilé ń jó lé lórí kì í jókòó kọ ìtàn iná. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó jáde ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ìgbà kan náà. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ọ̀gá ni ìwé yìí láàárín ìwé Yorùbá, a kò sì ní irọ́ pa láti gbé e ga. Fágúnwà jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní gbogbo ọdún tí owó kòkó fi wà nílẹ̀. Síbẹ̀, inú igbó ni ó mú wa lọ, sáàárín iwin àti ẹbọra. Àwọn kan ti fi èyí bú u pé ó sá fún ayé tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ rántí ìrìn àjò ìkẹ́yìn Àkàrà-ògùn. Kì í ṣe ẹran ni ó wá lọ. Ọba ni ó rán an, àwọn akọni tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀ síra sì bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó, láti mú ohun tí yóò jẹ́ kí ìlú wọn tòrò wá. Níhìn-ín, ní ọdún 1938, òǹkọ̀wé Yorùbá kan sọ ìyà àti ire di ọ̀ràn gbogbo ìlú, kò fi mọ sí ti ẹnì kan. Ó sọ pé ẹnì kan kò le dá a ṣe. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹbọra tí ó dí ọ̀nà ní orúkọ tí a mọ̀. Fágúnwà fún àwọn ẹbọra rẹ̀ ní orúkọ tí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Èlé, tàbí Òṣùwọ̀n-Èké, tàbí Iye-Owó-Tí-A-Dá-Ní-Ìlú-Òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé ní àkókò tí ìwé náà jáde gan-an, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ní 1937 ni àwọn kọ́ńpìnì òyìnbó fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ti máa ra kòkó, kí wọ́n má baà máa bá ara wọn du ú. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, di kòkó wọn mú, wọ́n kọ̀ láti tà á títí wọ inú 1938, wọn kò sì ra ẹrù àwọn kọ́ńpìnì náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti rán ìgbìmọ̀ Nowell wá láti wádìí ọ̀ràn náà. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gbé ohùn sókè sí àdéhùn kan náà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà jáde láti àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, Tafá Adéoyè sì wà lára àwọn olórí wọn. Wọ́n kọ owó orí tí ó wúwo àti owó kékeré tí ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó fi ń ra èso wọn. Àgbẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí òǹkọ̀wé kò fi kálàmù dé.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú lẹ́yìn náà. Isaac Délànọ̀ kọ Ayé D'Ayé Òyìnbó ní 1955, orúkọ ìwé náà nìkan sì jẹ́ ìdáhùn kan: ó gba ọ̀rọ̀ ìyá olóbì wa, Ayé, ó sì fi ẹni tí ó ni ayé náà hàn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Rẹ́rẹ́ Rún ní 1973, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kojú àwọn aláṣẹ. Eré yìí fi hàn pé èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí a le fi sọ ọ̀ràn owó àti agbára. Ṣùgbọ́n ìtàn ọdún tí kòkó wó, ti ọmọ tí ó di ìwọ̀fà nítorí ọjà kan ní New York, a kò tíì rí i kí ẹnì kan kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ti yẹ.

Ẹnikẹ́ni le wí pé kí ni ó kàn wá mọ́, nígbà tí ọ̀ràn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. A dáhùn pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1986 ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó ká, àgbẹ̀ sì tún dúró lójúkojú pẹ̀lú ọjà ayé. Ní 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní New York, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ gidigidi. Ní ìgbà tí ó gòkè, a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn baba wa gbọ́ ní 1920 àti ní 1927: pé àgbẹ̀ ti di ọlọ́lá, kí ó má ṣe náwó nínàákúnàá. Nígbà tí ó wálẹ̀, a tún gbọ́ pé kò mọ owó tọ́jú ni. Ìmọ̀ràn rere ni pé kí ènìyàn tọ́jú owó. Ṣùgbọ́n a kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìdájọ́ wa nìyí. Thomas fún wa ní ohùn ẹni tí ó ń jìyà. Ọbasá fún wa ní ẹnu àwọn àgbà. Fágúnwà fún wa ní ìrìn àjò tí a rìn nítorí ìlú. Obìṣẹ̀san fún wa ní ìṣirò gbèsè. Ohun gbogbo tí ìwé náà yóò fi dùn ni ó wà nílẹ̀, bí ẹlẹ́rù bá le kó wọn jọ. Kí òǹkọ̀wé kan, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé Àgbówó tàbí Bódìjà lónìí, sọdá lọ ka ìwé ìrántí náà, kí ó sì gba Dùgbẹ̀ padà wá sílé. Kí ó jókòó ti ìyá olóbì kan, kí ó gbọ́ ọ títí dé ibi tí ó ti ń dákẹ́. Kí ó má ṣe bá bàbá tí ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà wí títí yóò fi tọpa owó náà láti ẹnu òṣùwọ̀n Gbági dé ojú irin, láti ojú irin dé òkun, àti kọjá òkun.

Nígbà náà, bí ọmọ kan bá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ta ni ó mú owó kòkó wálẹ̀, ìyá náà kò ní í sọ pé ayé ni mọ́. Yóò ní ìwé kan tí yóò nà sí i.